Ẹgbẹ́ Seadogs

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje, Wọlé Ṣóyínká àti Olúmúyìwá Awẹ́ láàárín wọn, ló dá Ẹgbẹ́ Seadogs sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1952. Pyrates ló ń jẹ́ nígbà náà. Ìgbéraga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe bí òyìnbó àti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló bí wọn nínú tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ní 1984, bí ìwà ipá ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe ń gbilẹ̀, wọ́n kó kúrò ní gbogbo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Dẹ́kì ni wọ́n ń pe ẹ̀ka wọn, nílé àti lókè òkun. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára iṣẹ́ ìsìn wọn: àwọn dókítà inú ẹgbẹ́ a wọ ìgbèríko, wọn a yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ojú wò, wọn a sì fún aláìsàn lóògùn.