Sophie Olúwọlé àti Ìpìlẹ̀ Ìwà Rere

Ìbéèrè kan wà tí obìnrin ará Ìgbàrà-Òkè kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lé kiri: kí ni àwọn baba ńlá wa gbé ìwà rere kà, ṣé ìbẹ̀rù òrìṣà ni tàbí làákàyè? Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1935 ni a bí i. Ní 1984, Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì dá a lọ́lá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Yunifásítì Èkó ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, filọ́sọ́fì tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti Gíríìsì àti ti Yúróòpù lọ. Peter Bodunrin ní Ìbàdàn àti Paulin Hountondji ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ń sọ pé òwe àti ìtàn tí gbogbo ìlú jọ ni kì í ṣe filọ́sọ́fì. Ó di ìgbà tí ẹnìkan bá jáde tí ó ro ẹjọ́ èrò ara rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì lè já a ní koro. Hountondji tilẹ̀ fi ọwọ́ pàtàkì mú àkọsílẹ̀. Ẹ má ṣe kà wọ́n sí ọ̀tá. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí a má baà sọ pé gbogbo ènìyàn dúdú ń ronú bí ẹni kan ṣoṣo, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí.

Ní 1984 kan náà ni àròkọ rẹ̀ jáde lórí bí làákàyè ṣe jẹ́ ìpìlẹ̀ èrò Yorùbá nípa ìwà. Èrò tí ó gbilẹ̀ nígbà náà ni ti Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 pé inú ẹ̀sìn ni ìwà ti sú yọ. Olúwọlé kò bá èrò yìí lọ. Lójú tirẹ̀, ire ọmọ ènìyàn àti àlàáfíà àwùjọ ni àwọn àgbà fi ń ṣe ìdí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ wo òwe tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tí ó fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. A kò dárúkọ òrìṣà kankan níbẹ̀. Ara tí ó ń dùn ni ẹ̀rí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè kan àwa olùsìn lára. Bí làákàyè bá ti tó, kí ni a wá ń tẹfá sí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn Ìwà, ọmọ Sùúrù, tí Ọ̀rúnmìlà fi ṣe aya. Kò ní sùúrù fún un, ó lé e lọ, ire sì bá a lọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà fi wá a kiri. Ifá kò fi ẹ̀bi náà pamọ́ nítorí pé ẹni rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohunkóhun tí Ọ̀rúnmìlà bá ṣe ni ó di rere, ìtàn náà kì bá tí ní ìtumọ̀. Ìwà ni a fi wọn Ọ̀rúnmìlà. A kò fi Ọ̀rúnmìlà wọn ìwà. Nítorí náà, mo rò pé Olúwọlé súnmọ́ Ifá ju bí àwọn kan ti ń rò lọ.

Ìwé rẹ̀ tí ó tàn kálẹ̀ jù, tí ó fi Socrates wé Ọ̀rúnmìlà, jáde ní 2014. Àwọn méjèèjì kò kọ ìwé. Plato àti àwọn mìíràn ni ó jẹ́ kí a mọ Socrates. Àwọn ọmọ awo ni ó gbé ọ̀rọ̀ Ọ̀rúnmìlà dé ọ̀dọ̀ wa nínú odù 256. Bí àìkọ̀wé kò bá sọ ti Gíríìkì di aláìmọ̀, báwo ni yóò ṣe sọ tiwa dà bẹ́ẹ̀? Èyí ni ìdáhùn tí ó le jù lọ fún àwọn tí ń béèrè àkọsílẹ̀. Ibi tí n kò ti lè tẹ̀ lé e tán ni bí ó ti ń wá ọjọ́ ayé Ọ̀rúnmìlà lórí kàlẹ́ńdà. Ẹsẹ Ifá kì í ka ọdún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ nípa tibi-tire dúró gbọn-in: pé Yorùbá kò ya ibi àti ire sọ́tọ̀ bí ọ̀tá méjì tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì, ìbejì tí kò ṣeé yà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ọ̀rọ̀ akọ àti abo, ó sì kọ̀wé lórí ipò obìnrin nínú èrò àtijọ́ wa ní 1993.

Ó fẹ́ kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí inú èdè ni èrò ń gbé. Títí di ọjọ́ ogbó ni ó ń sọ èyí ní gbangba. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni ó jáde láyé, ní ẹni ọdún 83.