Oògùn Eku Tó Di Oògùn Ènìyàn

Àwọn kan wà láàárín wa tí dókítà fún ní Sintrom tàbí warfarin kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dì sínú iṣan. Ó yẹ ká mọ ibi tí oògùn yìí ti wá, torí ìtàn rẹ̀ ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó.

Lẹ́yìn ọdún 1920, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá gé ìwo màlúù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá mọ́ títí yóò fi kú. Frank Schofield, dókítà ẹran ní Kánádà, ló rí i pé koríko sweet clover tó ti bu ni wọ́n ń jẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní Wisconsin gbé òkú màlúù, koríko tó bu, àti garawa ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dì, lọ bá Karl Paul Link ní yunifásítì. Ọdún 1939 ni Link àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó rí èròjà náà, dicoumarol.

Ìdílé yìí ni warfarin àti Sintrom ti wá. Ní 1948, oògùn eku ni wọ́n ń ta warfarin fún. Ní 1951, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan gbé e jẹ láti pa ara rẹ̀, àmọ́ wọ́n fi fítámì K gbà á là. Àwọn dókítà wá rí i pé ó ní ẹ̀rọ̀. Ní 1954, wọ́n fọwọ́ sí i fún ènìyàn. Ní 1955, wọ́n fún Ààrẹ Eisenhower nígbà tí àrùn ọkàn kọ lù ú.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín eku àti ààrẹ? Ìwọ̀n ni. Bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á dì. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ìdí nìyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò INR ṣeré. Láàárín 2 sí 3 ló yẹ kó wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dókítà ló máa sọ ti oníkálukú.

Fítámì K yẹn wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa. A ò ní ká má jẹ ẹ̀fọ́ o. Ká ṣáà má jẹ ẹ́ ní àjẹkì lónìí, ká tún pa á tì lọ́la. Ká má fi àsípírìn tàbí àgbo kún oògùn yìí láìsọ fún dókítà. Bí a bá gbàgbé lílò kan, ká má lo méjì pọ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, bí ìtọ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tàbí bí a bá forí gbá nǹkan, ilé ìwòsàn ló yá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí etí bàbá àti ìyá tó ń lò ó nílé.