Eṣinṣin Funfun àti Àrùn Ewé Sóyà

Eṣinṣin funfun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bemisia tabaci, kò gùn ju bíi mìlímítà kan lọ. Abẹ́ ewé ló ń gbé, ó ń gún un, ó sì ń fa omi rẹ̀ mu. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú omi yẹn, eṣinṣin á gbé e lọ sára ewéko tó bá tún bà lé. Sóyà tó bá kó o lè di aràrá, kí ewé rẹ̀ hunjọ, kó sì pọ́n rúsúrúsú ní ojú ibì kan ibì kan.

Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá náà máa ń mú kí ewé pọ́n, ìdí nìyí tí ojú nìkan kò fi tó láti dá àrùn mọ̀. Àwọn olùwádìí máa ń gé ọ̀mùnú sóyà tó ń ṣàìsàn, wọ́n á so ó mọ́ èyí tó yá: ebi ilẹ̀ kì í ràn, fáírọ́ọ̀sì ń ràn. Wọ́n tún máa ń kó eṣinṣin sínú àgò aláwọ̀n pẹ̀lú sóyà tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n tó gbé eṣinṣin náà lọ bá irúgbìn tuntun.

Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ mú sóyà wá sí Nàìjíríà, sí Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ìlú yìí kan náà ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti 1967. Ibẹ̀ ni H. W. Rossel àti G. Thottappilly ti kọ ìwé wọn jáde ní 1985, lórí àrùn fáírọ́ọ̀sì inú irè oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Àrùn tí eṣinṣin funfun fi ń sọ sóyà di aràrá wà nínú rẹ̀. Ní 2010, Olufemi Alabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde fáírọ́ọ̀sì méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú sóyà Nàìjíríà: Soybean chlorotic blotch virus àti Soybean mild mottle virus. Wọ́n rí ti àkọ́kọ́ lára Centrosema pubescens pẹ̀lú, ìtàkùn inú ìgbẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ kórè sóyà tán, àrùn lè ṣì wà létí oko.

Ní Wásinmi, Ìkirè àti Àpòmù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀gẹ́ wọ́pọ̀ lóko. Ṣé eṣinṣin orí ẹ̀gẹ́ lè kó àrùn ran sóyà? Ìwádìí kan láti Côte d'Ivoire, tó jáde ní 1992, fi ọkàn ẹni balẹ̀ díẹ̀: eṣinṣin ẹ̀gẹ́ kì í kúrò lórí ẹ̀gẹ́ àti ikàn, eṣinṣin ilá sì ń jẹ oríṣiríṣi ewéko, àmọ́ kì í jẹ ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2008, àwọn olùwádìí kéde pé àwọn bá fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́, African cassava mosaic virus, nínú sóyà ní Nàìjíríà. Eṣinṣin kan ti rékọjá. Èwo ni? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí á máa wá ìdáhùn sí lábẹ́ ewé, lóko tí ẹ̀gẹ́ àti sóyà ti jọ wà.