Ìwé Òfin àti Iná Mànàmáná ní Àkókó

Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà wà láàárín àwọn òkè àpáta Àkókó, níbi tí igbó ti ń fi ààyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Oòrùn kò wọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìjọba ayé ń jiyàn lórí bí wọn yóò ti fi iná oòrùn rọ́pò èéfín, gbólóhùn kan nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó dínà mọ́ Àkókó.

Èkó ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn, ní 1896. Ní 1950 ni ìjọba amúnisìn fi òfin dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀ láti bójú tó iná gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n sé Odò Ọya ní Kainji láàárín 1964 sí 1968. Ní 1972 ni NEPA sì gba gbogbo rẹ̀ sí ìkáwọ́. Ètò náà ní ọgbọ́n nínú, nítorí odò kan lè tan iná fún ọ̀pọ̀ ìlú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kọ́ gbogbo ìlú láti máa wo ojú olú-ìlú.

Ìwé Òfin 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti kọ́ ilé-iṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n ó ní kìkì àdúgbò tí wáyà gbogbogbòò kò dé ni ìpínlẹ̀ lè pín iná fún. Ẹ wo bí gbólóhùn kúkúrú yìí ti lágbára tó! Wáyà ti dé Ìkàrẹ́, ó sì ti dé Ọ̀kà. Bí iná kò bá sí nínú wáyà náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, àdúgbò tí wáyà dé ni wọ́n ṣì jẹ́ lójú òfin. Ó jọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì sùn sínú òkùnkùn rí. Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí a ti ń fi gáàsì ṣe iná, wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Ṣùgbọ́n inú wáyà gbogbogbòò ni iná rẹ̀ ń wọ̀, kì í mọ aládùúgbò.

Nínú òkùnkùn yìí ni ìròyìn Glasgow ti dé ní 2021. Ààrẹ Buhari ṣèlérí níbẹ̀ pé Nàìjíríà yóò bọ́ lọ́wọ́ èéfín títí di 2060. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ogún sì pinnu pé àwọn kò ní fi owó ìjọba ṣètìlẹ́yìn fún epo àti gáàsì ní òkè òkun mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì rẹ̀, ti ń tako irú ìpinnu bẹ́ẹ̀: ó ní gáàsì ni afárá tí tálákà yóò gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n yálà gáàsì ni tàbí oòrùn, ìbéèrè ẹni tí ó láṣẹ láti pín in ṣì wà nílẹ̀.

Oǹdó ti ṣe òfin iná tirẹ̀ ní 2020, lábẹ́ Gómìnà Akérédolú. Ní oṣù kẹta 2023 ni Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó pa gbólóhùn 1999 náà rẹ́. Ní oṣù kẹfà Tinúubú fọwọ́ sí Òfin Iná tuntun. Ní 2024 àjọ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ìdarí ọjà iná Oǹdó bọ́ sí ọwọ́ ìpínlẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ iná Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò ní láti rìn jìnnà dé Àbújá mọ́. Àkúrẹ́ ni yóò máa lọ.