Ìdáríjì Herbert Macaulay: Ìdájọ́ Tí Ó Pẹ́ Ju Ẹlẹ́jọ́ Lọ

Ní Aklampa, lábẹ́ Glazoué, ní ìhà àwọn òkè Dassa-Zoumè, ọmọ ìlú tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba ní láti mú ìwé kan wá tí wọ́n ń pè ní casier judiciaire. Ìwé náà ni yóò sọ bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Bí ó bá ti jẹ̀bi, ọ̀nà wà. Ààrẹ Orílẹ̀-èdè Benin lè dárí ìyà jì í, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò ní kúrò nínú ìwé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè fi òfin pa ọ̀ràn náà rẹ́, bí wọ́n ti ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò. Ilé ẹjọ́ pẹ̀lú lè dá iyì rẹ̀ padà bí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún un lẹ́yìn tí ó jẹ ìyà rẹ̀ tán. Kí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí ni ọ̀tọ̀. Kí orúkọ mọ́ ni ọ̀tọ̀. Láàrin àwọn Yorùbá, ìtàn Herbert Macaulay ti Èkó ni ó fi èyí hàn jù.

Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, wọ́n sì bí i ní 1864. Ní 1913, ilé ẹjọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2 lórí owó ogún tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó jẹ ìyà náà tán, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò fi í sílẹ̀. Ní 1923, ẹgbẹ́ òṣèlú tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ gba gbogbo ìjókòó 3 tí ó jẹ́ ti Èkó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òun kò lè du ọ̀kankan.

Ọ̀rọ̀ ọba ni ó tún gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ní 1920 ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀, tàwọn ti ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó. Inú ìjọba kò dùn sí i rárá. Ní 1925 wọ́n lé Elékòó lọ sí Ọ̀yọ́. Ní 1928, ìwé ìròyìn Lagos Daily News, tí Macaulay ní ọwọ́ nínú rẹ̀, gbé àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbèrò láti pa ọba náà. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni ó tìdí rẹ̀ yọ. Elékòó padà sí Èkó ní 1931. Macaulay kú ní 1946, ìdájọ́ méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wé e. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n dá fún un ní 1963. Gowon dárí jì í ní 1966, nígbà tí ó yẹ kí ìdáríjì dé, nítorí kò pẹ́ tí ó fi di kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀, ó sì du ipò ààrẹ ní 1979.

Ní 1979 yìí kan náà ni Nàìjíríà gbé àwòrán Macaulay sí owó náírà kan. Ó yani lẹ́nu pé ìlú ń fi ojú rẹ̀ náwó, síbẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni ìwé ilé ẹjọ́ ṣì ń pè é. Ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìgbìmọ̀ tí ó ń gba ààrẹ nímọ̀ràn tó fọwọ́ sí ìdáríjì tí Ààrẹ Bola Tinubu fún un, ọdún 79 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ̀ kò sí mọ́, ìjọba tí ó dá a lẹ́bi náà sì ti kógbá sílé.