Funfun niyì eyín: ìtàn bí a ti ń wá eyín funfun, láti orí pákò dé ọ̀dọ̀ dókítà

Níọ́sì yín ni. Ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ yín ń bi mí: "Níọ́sì, kí ni mo lè lò kí eyín mi funfun kí ọjọ́ ìnáwó tó dé?" Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ti ń bọ̀, torí inú ìtàn yẹn ni ìdáhùn wà.

*Pákò la kọ́kọ́ mọ̀.* Pákò Ìjẹ̀bú wà, orín ata tó máa ń ta ẹnu náà wà. Ẹni tó bá ń jẹ pákò láràárọ̀, ìdọ̀tí kì í tètè ráyè dì mọ́ eyín rẹ̀. Ní 1971, àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé omi inú àwọn orín wa lágbára láti bá kòkòrò àìfojúrí jà. Àwọn àgbà kò ṣìnà.

*Lẹ́yìn náà ni obì.* Obì àbàtà ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Gbànja ní tirẹ̀, láàrin 1880 sí 1920 ló wọ oko ilẹ̀ Yorùbá, láti Gold Coast tó di Ghana lónìí. Nígbà tí rélùwéè dé Kánò, ọjà obì gbòòrò, Ṣàgámù sì di ọ̀kan nínú ojúkò obì tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bó obì mọ bó ṣe ń pọ́n ọwọ́ àti aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe eyín. Tábà àti tíì dúdú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìta eyín ni àbàwọ́n yìí dúró sí.

Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan fi ń fi èédú lílọ̀ àti iyọ̀ ha eyín. Ó ń ha àbàwọ́n lóòótọ́, ó sì ń ha eyín pẹ̀lú. Ara eyín tó le, tó ń dán, kì í hù padà. Bó bá ti fẹ́lẹ́, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ni yóò hàn. Ẹni tó ń ha eyín kó lè funfun, ó ń sọ ọ́ di yẹ́lò ni.

*Àbàwọ́n kejì, inú ló ti wá.* Ní 1948 ni oògùn àkọ́kọ́ nínú ẹbí tetracycline dé ọjà. A mọ̀ ọ́n dáadáa: kápúsù pupa àti yẹ́lò orí àtẹ. Ní 1956, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń ba àwọ̀ eyín ọmọdé jẹ́. Bí aboyún bá lò ó nígbà tí oyún ti dàgbà, tàbí tí a bá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ó ń wọ inú eyín tó ṣì ń dàgbà nínú erìgì. Kò sí pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó lè fọ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ ní kápúsù yìí nítorí inú rírun.

*Èèṣì ni wọ́n fi rí oògùn ìfuneyín.* Ní ìparí àwọn ọdún 1960, dókítà eyín kan ní Arkansas, Amẹ́ríkà, fún aláìsàn ní oògùn peroxide nítorí erìgì, ó sì rí i pé eyín náà ń funfun. Ní 1989 ni Haywood àti Heymann kọ ọ̀nà yìí jáde fún gbogbo dókítà eyín. Lónìí, dókítà lè bo erìgì yín kó sì lo èyí tó lágbára níbẹ̀, tàbí kó wọn eyín yín, kó ṣe ike tó bá a mu, kí ẹ máa fi oògùn tó rọra sínú rẹ̀ nílé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ẹnu yín ná. Bó bá jẹ́ obì tàbí tábà ni, scaling and polishing lè tó, kò ní la ti peroxide lọ.
2. Bí ihò bá wà nínú eyín tàbí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn la ó kọ́kọ́ tọ́jú.
3. Bó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló dúdú, pàápàá èyí tí nǹkan ti gbá rí, ó lè ti kú. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.
4. Àbàwọ́n tetracycline lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè má lọ tán.
5. Eyín àtọwọ́dá àti eyín tí wọ́n dí kì í yí àwọ̀.
6. Eyín lè máa kan yín fún ọjọ́ díẹ̀. Funfun náà kì í wà títí láé.
7. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ ní sùúrù ná.

Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti 2012, oògùn ìfuneyín tó bá ju 0.1% hydrogen peroxide lọ, dókítà eyín ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju 6% lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Bí wọ́n bá ń ṣọ́ra tó báyìí níbẹ̀, kí ló dé tí àwa yóò fi ra ike tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ká fi sẹ́nu?

Funfun niyì eyín lóòótọ́, àmọ́ eyín tó wà lẹ́nu ló ń funfun. Ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín ní OOUTH, Ṣàgámù, ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ire o.