Sípíkà ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín lè má burú o: ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n dè é mọ́

Díẹ̀ ló kù kí n bá ẹni tó ta sípíkà fún mi jà. Mo ra méjì, 6.5 ínṣì, fún ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí òjò rọ̀ fún bí oṣù mélòó kan, bàásì sá lọ. Tí mo bá yí ohùn sókè, ilẹ̀kùn á máa gbọ̀n bíi páànù tí atẹ́gùn ń jà. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Rẹ́wáyà míì, bàbá àgbàlagbà kan, ló bá mi tú pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn. Ó fi ìka kan òrùka tí wọ́n dè sípíkà mọ́, ìka rẹ̀ sì wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Bàbá ní, "Ọmọ mi, sípíkà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí wọ́n gbé e lé ló ti jẹrà."

Òrùka yìí ni àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pè ní spacer tàbí adapter. Ohun tí mo kọ́ nípa rẹ̀ rèé, kí owó yín má báa ṣòfò bíi tèmi.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Awọ iwájú sípíkà ló yẹ kó máa mì, kì í ṣe férémù rẹ̀. Tí òrùka bá rọ̀, férémù náà á máa jó, agbára tó yẹ kó di orin á wá di ariwo ilẹ̀kùn.

Nǹkan kejì ni àlàfo. Ohùn tó ń jáde lẹ́yìn sípíkà lòdì sí tiwájú. Tí àyè bá wà láàárín òrùka àti irin ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Bàásì ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ rántí pé inú ilẹ̀kùn kì í gbẹ. Omi òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, á sì gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Torí náà, ẹ fi omi ṣe òdiwọ̀n:

- MDF: Ó rọrùn láti gé, kò wọ́n, ó sì le dáadáa tó bá gbẹ. Àmọ́ okùn igi àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni. Tó bá mu omi, á wú, á sì fọ́. Òun ló ṣe mí báyìí. Tó bá jẹ́ òun náà lẹ máa lò, ẹ fi epoxy tàbí fáníìṣì kun gbogbo ara rẹ̀, títí dé ojú ibi tí wọ́n gé àti inú ihò skúrúù.
- Plywood: Irú tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú omi sàn jù. Òun náà ń fẹ́ kíkùn létí.
- Rọ́bà tó ṣófo nínú: Wọ́n máa ń ṣe é fún irú ọkọ̀ kan pàtó, nítorí náà ó máa ń wọ ihò ilẹ̀kùn láìgé nǹkan kan. Omi kò lè ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ́lẹ́ jù.
- HDPE: Rọ́bà tó dì gbagidi ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgéẹran. Omi kò ràn án. Gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ọn, bóòtù nìkan ni kí ẹ fi dè é.
- Alumíníọ̀mù: Ó le jù gbogbo wọn lọ, ó sì wọ́n jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ. Tó bá tẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé e sórí gíláàsì tó tẹ́jú. Tó bá ń mì síwá sẹ́yìn, kò ní lẹ̀ mọ́ irin dáadáa.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á

Ẹ yí gíláàsì wá sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá wọn àyè tó wà láti ojú irin dé ara gíláàsì. Ká ní ó jẹ́ 55 mílímítà, tí sípíkà yín sì jìn ní 65. Òrùka tó nípọn ní 10 á jẹ́ kó kan gíláàsì gẹ́lẹ́. Èyí tó nípọn ní 18 á fún yín ní àyè 8.

Ṣùgbọ́n tó bá nípọn jù, sípíkà á kan pánẹ́ẹ̀lì níwájú. Ẹ lẹ amọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré mọ́ etí ihò náà, kí ẹ ti pánẹ́ẹ̀lì padà, kí ẹ tún yọ ọ́. Bí amọ̀ yẹn bá ṣe nípọn tó ni àyè yín tó.

Ẹ tún gbé sípíkà náà dání lọ sọ́jà. Orúkọ "6.5" kò ní kí ihò skúrúù gbogbo wọn bára mu.

Bí wọ́n ṣe ń dè é

Skúrúù tó ń gẹ́ ara rẹ̀ wọ inú irin fẹ́lẹ́ máa ń tú. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló dáa jù. Ẹ fi òrùka dè mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ wá dè sípíkà mọ́ òrùka. Ẹ fi fóòmù tẹ́ ojú ìpàdé méjèèjì, kí ẹ sì kun ihò tuntun kí ó má dípẹtà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gé irin ìdáàbòbò tó wà nínú ilẹ̀kùn o. Tí ọkọ̀ míì bá gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló máa gbà yín.

Sípíkà tí mo fẹ́ torí ẹ̀ bá èèyàn jà ló ṣì wà nínú ọkọ̀ mi títí dòní. Òrùka HDPE nìkan ni mo rà. Òjò ti rọ̀ lé e, bàásì ò sì lọ síbì kankan. Ẹni tó tà á fún mi, mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́.